Ewé Ń Jẹ́, Ṣùgbọ́n Ẹ Jẹ́ Ká Dán An Wò

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ọ̀rọ̀ adìẹ nìyí. Láti Sẹ́kọ́nà títí dé Ìbàdàn, bí adìẹ bá ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn a po tetracycline sómi rẹ̀ láìbi dókítà ẹran. Salmonella àti E. coli tó bá yè é a di èyí tí oògùn kò ràn mọ́, a sì lè bá ẹran àti ẹyin wọlé wa. Ìṣirò fi hàn pé irú àwọn kòkòrò àrùn bẹ́ẹ̀ pa ju mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ lágbàáyé lọ́dún 2019.

Àwọn àgbà wa mọ efinrin, ewúro àti aáyù. Oje efinrin ti pa irú kòkòrò wọ̀nyí nínú abọ́ àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n abọ́ kì í ṣe ikùn adìẹ. Kí a pín adìẹ sọ́nà mẹ́ta lójú dókítà ẹran: efinrin oníwọ̀n, oògùn, omi lásán. Kí a ka èyí tó kú, kí a wọn èyí tó yè.

Kí ló kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá níbẹ̀? Orúkọ ni. Efinrin ńlá kì í ṣe efinrin wẹ́wẹ́. Bí àgbà bá pe ọ̀kan, tí olùwádìí já èkejì, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká bá wọn kọ orúkọ sílẹ̀ dáadáa, ká sì fi Yorùbá jábọ̀ fún ọlọ́sìn Sẹ́kọ́nà, ì báà jẹ́ pé ewé náà jẹ́, ì báà jẹ́ pé kò jẹ́.