Ẹ má po oògùn kòkòrò pọ̀

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin àgbẹ̀ òwú Kétu àti Ṣábẹ,

Nígbà tí a bá fín oògùn sí òwú, tí kòkòrò kò kú, kí ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe? A ó mú oògùn kejì, a ó dà á mọ́ ti àkọ́kọ́. A ó ní agbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òótọ́ ni òwe náà. Ṣùgbọ́n bí oògùn méjì bá gbájọ, ṣé kòkòrò nìkan ni wọn yóò bá jà?

Ní ọdún 1957, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fún ẹranko ní oògùn kòkòrò méjì pọ̀. Malathion ni ọ̀kan, EPN ni èkejì. Ìpalára tí wọ́n rí ju ti méjèèjì lọ fíìfíì. Kí ló fà á? Ẹ̀dọ̀ a máa pa agbára malathion kí ó tó ṣe ara ní ibi. Ṣùgbọ́n EPN kò jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ ṣiṣẹ́ náà. Ó dà bí olè méjì: ọ̀kan di onílé mú, èkejì ń kó ẹrù.

Ní àkókò òwú ọdún 1999 sí 2000, ìròyìn ìjọba ní ó kéré tán ènìyàn 37 ni oògùn òwú endosulfan pa ní Borgou, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa níhìn-ín. Ní ọdún 2011, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé kí a mú un kúrò láyé. Oògùn kan ṣoṣo nìyẹn. Oògùn mélòó ni ó wà nínú ilé yín?

Ẹ wò ó. Oògùn òwú tí a fín láàárọ̀, oògùn tí a fi pa ẹ̀wà mọ́ tí a jẹ lọ́sàn-án, oògùn ẹ̀fọn tí a sun lálẹ́: inú ara kan náà ni wọ́n ti ń pàdé. Ìwé ara ìgò kọ̀ọ̀kan ń sọ ti ara rẹ̀ nìkan. Kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá bá òmíràn pàdé.

Nítorí náà:

Ẹ ka ìwé ara ìgò kí ẹ tó ṣí i. Bí ìlà ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá pupa, májèlé rẹ̀ le púpọ̀.

Ẹ má po oògùn méjì pọ̀, àfi bí ìwé ara ìgò bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ má fi oògùn òwú sí ẹ̀wà tàbí àgbàdo. Ẹ má rọ epo tàbí omi mímu sínú ìgò oògùn, bí ẹ tilẹ̀ fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́wàá.

Bí ẹ bá fín oògùn tán, ẹ wẹ̀. Ẹ fọ aṣọ oko lọ́tọ̀, kí ẹ má pò ó mọ́ aṣọ ọmọ.

Bí òòyì bá ń kọ́ ẹnìkan, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ó ń bì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá. Ẹ mú ìgò gbogbo oògùn tí ó lò dání, kì í ṣe ẹyọ kan.

Ẹ̀yin ará, ẹ ti mọ ìwé kà. Lálẹ́ òní, ẹ ka ìwé ara ìgò tí ó wà nílé yín sí etí ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà.