Ohun Tí Àwọ̀ Omi Ń Wí

Láti ọdún 1942 tí ìjọba àmúnisìn ti sé odò Ọ̀nà ní Ẹléyẹlé, kí Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, lè rí omi mu, bí ìlú ti ń gbòòrò bẹ́ẹ̀ ni omi ọṣẹ, ìgbẹ́ àti ajílẹ̀ oko ń bá ọ̀gbàrá wọ́ lọ sínú adágún náà. Síbẹ̀, ìgbà tí omi bá yí àwọ̀ tán ni a tó ń mọ̀ pé ara rẹ̀ kò dá.

Àwọn ewéko wínníwínní tí àwọn onímọ̀ ń pè ní álígì a sì ti máa jẹ́rìí ṣáájú. Nínú omi tó mọ́, oríṣiríṣi wọn ló ń bẹ, èyí tó fi èròjà dígí kọ́lé ara rẹ̀, èyí tó so fọ́nrán-fọ́nrán mọ́ òkúta, àti èyí tí ojú lásán kò lè rí, nítorí igi kan kì í dá igbó ṣe. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá ti pọ̀ jù fún wọn, ẹ̀yà kan péré a gbàjọba, omi a ki bí ọ̀dà tí a fi ń kun ilé, èémí inú rẹ̀ a sì tán lóru, tó fi jẹ́ pé ní ìdájí ẹja a máa yọ ẹnu sókè, wọn a máa pọ̀ọ̀kà ikú. Àwa tí a ń gbàdúrà pé ojúoró ní í lékè omi, ẹ jẹ́ ká rántí pé ẹja kì í ṣe àmín sí i.

Ní 1973, kí wọ́n lè mọ èyí tó ń fà á nínú oúnjẹ wọ̀nyí, àwọn onímọ̀ ní Kánádà fi ìkélé pín adágún kan sí méjì. Wọ́n da káábọ́nù àti náítírójìn sí apá méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n bu fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, irú èyí tó wà nínú ìgbẹ́ àti ajílẹ̀, sí, òun náà ló sì di aláwọ̀ ewé. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé sísè ni yóò gbà wá: oró tí àwọn kan nínú àwọn álígì náà ń tú kò bẹ̀rù iná, irú rẹ̀ ló sì wà nínú omi tí wọ́n fi fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn kíndìnrín ní Caruaru, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, ní 1996, tí àwọn tó lé ní 50 fi kú.

A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí a tó tún náwó lé álọ́ọ̀mù tí a fi ń mú kí omi tòrò, kí ìjọba kọ́kọ́ dí ojú gọ́tà tí ń da ìgbẹ́ sódò, kí àwọn onímọ̀ máa ka ẹ̀yà álígì inú adágún lóṣooṣù, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ara ògiri ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ní èdè Yorùbá, níbi tí ìyá aláró àti apẹja yóò ti lè kà á.