Ta Ni Ọ̀dàlẹ̀ Inú Kíláàsì Náà?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, mo ní ẹjọ́ kan bá yín rò lórí ìwé ìtàn aláwòrán ará Japan nì, My Hero Academia, tí Kohei Horikoshi kọ láti ọdún 2014 títí di 2024. Àwọn ìkà já lu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ U.A. ní ibùdó tí a fi pamọ́. Àwọn olùkọ́ fura pé ará ilé ló sọ fún ará ìta. Kíá ni ẹ̀yin òǹkàwé di adájọ́! Ẹ mú Toru Hagakure, ọmọbìnrin tí ojú kì í rí. Kí ni ẹ̀rí yín? Pé a kò rí ojú rẹ̀! Àwọn mìíràn mú Kaminari, ẹni tí iná mànàmáná wà lára rẹ̀. Ṣé ohun tí a bí mọ́ni ti di ẹ̀sùn ni?

Ní òpin ọdún 2021, àṣírí tú. Yuga Aoyama ni, ọmọ tí ń ṣe fáàrí kiri. Wọn kò bí agbára kankan mọ́ ọn. Àwọn òbí rẹ̀ ló lọ gbà á fún un lọ́wọ́ All For One, ògá àwọn ìkà, kí ọmọ wọn má bàa dá yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́. Ìbẹ̀rù ló fi ń san gbèsè náà. Ta ló sì ká òun àti àwọn òbí rẹ̀ mọ́ inú igbó? Hagakure yìí kan náà ni!

Èmi náà kò mọ́ o. Owó sọnù ní kíláàsì mi nígbà kan, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ni mo tẹjú mọ́. Inú ìwé orúkọ tèmi la ti rí owó náà. Ọmọ ọ̀hún ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí n tó ráyè bẹ̀ ẹ́.