Ta ló wo ẹnu sílíńdà panápaná wa kẹ́yìn?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má bínú o. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo lọ gbé korobá nílé jẹnẹrétọ̀, mo bá yọjú wo ẹnu sílíńdà pupa oní-fọ́ọ̀mù tó wà lára ògiri níbẹ̀. Agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé sínú rẹ̀! Àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà nídìí ẹnu náà, eruku ti dí wọn pa.

Ihò yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé tí omi àti oògùn inú rẹ̀ fi ń di ìfófó bíi ti ọṣẹ. Tó bá dí, omi ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀ ló máa tú jáde. Ẹ da omi sí bẹntiróòlù tó ń jó, bẹntiróòlù á léfòó, iná á sì máa bá a lọ. Ìfófó ló ń bo epo mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa dé ibẹ̀.

Wọ́n á ní iṣẹ́ gáàdì ni. Gáàdì kan ṣoṣo, géètì méjì! Lójú tèmi, kí àwọn tó ń ṣe dúúti máa wo ẹnu rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé, kí wọ́n sì wò ó bóyá ọwọ́ géèjì wà lórí àwọ̀ ewé. Tí wọ́n bá sì ti lò ó, kí ẹni tó mọṣẹ́ fi omi mímọ́ ṣan ẹnu náà, kí fọ́ọ̀mù má bàa gbẹ mọ́ ọn.

Mo sọ fún olùkọ́ wa kan, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti kọ ọ́. Amọ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀ yìí.