Ọ̀fẹ́ Kì í Ṣe Òmìnira

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ohun méjì tí èdè wa yà sọ́tọ̀ gedegbe. Ohun tí a kò san owó lé lórí, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí kò sí lábẹ́ àṣẹ ẹlòmíràn, ó wà ní òmìnira. Nítorí àìsí ìyàtọ̀ yìí ni Richard Stallman ará Amẹ́ríkà, ẹni tí ó kéde iṣẹ́ GNU ní ọdún 1983, fi ń ṣàlàyé láti ọdún pípẹ́ pé òmìnira ni òun ń wí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Àwa ọmọ Yorùbá kò yẹ ní ẹni tí à ń ṣe irú àlàyé bẹ́ẹ̀ fún. Síbẹ̀, àwa náà ni a ń sáré tẹ̀lé ọ̀fẹ́, tí a sì ń ju òmìnira nù.

Ẹ wo ọjà wa lónìí. Aláṣọ òkè ní Ìṣẹ́yìn, aládìrẹ ní Abẹ́òkúta, àti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ń kó ìtàn ìlú wọn jọ, orí Facebook, Instagram tàbí WhatsApp ni púpọ̀ nínú wọn kọ́ ilé sí. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin ìjòyè tí ẹ mọ òfin ilẹ̀, ẹ dá wa lóhùn: ẹni tí ó kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀ láìsí ẹlẹ́rìí, tí kò mọ ọjọ́ tí a óò ní kí ó kó ẹrù rẹ̀, ǹjẹ́ a ń pe ẹni bẹ́ẹ̀ ní onílé bí? Onílẹ̀ yìí sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣu tàbí obì. Ohun tí à ń rà àti ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ ni ó ń ṣọ́, èyí ni ó sì fi ń gba owó lọ́wọ́ àwọn olùpolówó ọjà.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dákẹ́ káàkiri ayé fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà. Ṣáájú èyí, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún kan náà, Ìjọba Àpapọ̀ ti ilẹ̀kùn Twitter pa ní Nàìjíríà, kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022. Bóyá ìjọba jàre tàbí ó jẹ̀bi, ibòmíràn ni a ti lè ṣe ẹjọ́ náà; ohun tí ó kàn wá níhìn-ín ni pé ẹni tí ó ní ilé tirẹ̀ kò pàdánù àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́jọ́ wọ̀nyí. Ìgbà tí Yahoo pa GeoCities rẹ́ ní ọdún 2009, tí Google sì pa Google+ rẹ́ fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 2019, ta ni ó bi àwọn ayálégbé léèrè?

Àwọn kan nínú wa sá fún èyí, wọ́n sì bọ́ sọ́wọ́ ohun èlò tí à ń fi dọ́là san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ohun tí ó jẹ́ dọ́là 10 kò tó náírà 5,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023. Kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 15,000. Àwọn mìíràn, tí a kò fẹ́ dárúkọ nítorí iyì agbádá ọrùn wọn, ń lo ayédèrú tí wọ́n rà ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí àrùn kọ̀ǹpútà kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. Ohun olè ni, ẹ jẹ́ kí a pè é ní orúkọ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kẹta ń bẹ. WordPress jáde ní ọdún 2003 fún ẹni tí ó fẹ́ kọ ìwé fún ayé kà tàbí kí ó pàtẹ ọjà. LibreOffice bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010 fún lẹ́tà àti ìṣirò. GIMP wà fún àwòrán. Àṣẹ tí a fi gbé wọn jáde fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti lò wọ́n, láti wo inú wọn, láti tún wọn ṣe, àti láti fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ àáró ni: ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ó ń ro oko kan náà, kò sì sí ẹnìkan tí ó lè dá ká a mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́.

A óò gbọ́ ẹni tí yóò wí pé ohun ọ̀fẹ́ kì í dára. Àwọn Gendarmerie ilẹ̀ Faransé, tí kì í ṣe aláìní, ti ń lo irú ohun èlò báyìí láti ọdún 2005. Nínú gbogbo ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì ayé, WordPress ni ó gbé ohun tí ó ju 40 nínú 100 ró. Ṣùgbọ́n a kò ní purọ́ fún yín. Ilẹ̀ tí a óò gbé e kà ń gba owó lọ́dọọdún, orúkọ rẹ̀ náà ń gbà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a lè fi náírà san ti orúkọ tí ó parí sí .ng. Ẹni tí kò bá sì ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀ déédéé, olè yóò wọlé tọ̀ ọ́.

Ọ̀ràn èdè ni ó dùn wá jùlọ. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Ọ̀rọ̀ Yorùbá wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà kì í ṣe tiwa. Nígbà tí ìjà dé láàárín àwọn Ẹ̀gbá àti òyìnbó ní ọdún 1867, ẹ̀rọ bá a lọ, ìwé sì dákẹ́. Lónìí, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní YorubaName ti ṣe kíbọọ̀dù tí a fi ń kọ àmì ohùn, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń fún ni. Ohun èlò tí inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, àwa fúnra wa lè túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá láìtọrọ àṣẹ. Kí ni a wá ń dúró de ará California fún?

Nítorí náà a ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àti lọ́wọ́ ẹ̀yin ọlọ́lá tí ẹ ń ṣe bàbá ìsàlẹ̀ fún wọn, pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojúlé tirẹ̀ kí ọdún yìí tó parí. Kí WhatsApp máa jẹ́ agogo tí a fi ń kéde, kí ó má ṣe jẹ́ àká. Kí ẹ̀dà gbogbo ìwé wà ní ọwọ́ akọ̀wé. Kí a sì forúkọ ẹgbẹ́ gan-an ra orúkọ ojúlé náà, kì í ṣe orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá wa ṣe é. Ẹgbẹ́ mélòó ni kò ti rí ilé rẹ̀ wọ̀ mọ́ nítorí pé ọmọkùnrin náà ti kó lọ sí ìlú òyìnbó pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lápò.