ÌMỌ̀RÀN FÚN AGBO ILÉ: Bíárìn Tí Ń Bàjẹ́ Léraléra

Bàbá ilé kan nínú àwọn olùkàwé wa béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ wa, a sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ilé tí ó ní ọkọ̀ àgbà. Ó ní Volkswagen kan, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá. Láàárín oṣù mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a ti pààrọ̀ bíárìn ẹsẹ̀ òsì iwájú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni ariwo sì ti padà. Ọmọ mẹ́rin ni ó ń fi ọkọ̀ náà gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ó béèrè pé: kí òun ra bíárìn kẹrin ni, tàbí kí òun ta ọkọ̀ náà?

Ìdáhùn wa ni pé kí ó má tíì ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Bíárìn tí ó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó lè jẹ́ pé ọjọ́ rẹ̀ ni ó pé. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ojú kan náà ń jẹ́rìí sí ohun mìíràn tí ó ń pa á. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láyé. Ní ìlú Gothenburg ní ilẹ̀ Sweden, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sven Wingquist ń tọ́jú ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kan. Orí ilẹ̀ amọ̀ ni a kọ́ ilé-iṣẹ́ náà sí. Ilẹ̀ náà ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn ọ̀pá irin gígùn tí ń yí ẹ̀rọ kò sì dúró gún mọ́. Nítorí èyí ni bíárìn fi ń bàjẹ́ ṣáá. Wingquist kò fi ẹ̀bi náà ti bíárìn nìkan. Ó wo ohun tí bíárìn dúró lé. Ní 1907 ó ṣe irú bíárìn kan tí ó lè gba ọ̀pá tí ó yẹ̀ díẹ̀ láyè, láti inú iṣẹ́ yìí sì ni ilé-iṣẹ́ SKF ti jáde. Ojú tí ó fi wo ọ̀ràn tirẹ̀ ni ó yẹ kí a fi wo tiwa.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí a rí i dájú pé bíárìn ni ó ń dún. Táyà tí ó jẹ ní ibi kan ju ibi kan lọ a máa hó gẹ́gẹ́ bí bíárìn. Ẹ gbé táyà iwájú sí ẹ̀yìn, kí ẹ sì gbé ti ẹ̀yìn síwájú; bí ariwo bá bá táyà lọ, táyà ni. Bí ẹ bá sì rọra ya sí ọ̀tún lórí ìrìn, ìwúwo ọkọ̀ yóò tẹ̀ sí ẹsẹ̀ òsì. Bí ariwo bá pọ̀ sí i nígbà náà, ẹ fura sí bíárìn òsì.

Lẹ́yìn èyí, ní orí ilẹ̀ líle, ẹ fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀, kí ẹ sì ki ìdúró irin tí ó lágbára sí abẹ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í. Bí ó bá ń mì, kí ẹlòmíràn tẹ bíréèkì. Bí mímì náà bá dáwọ́ dúró, ọ̀dọ̀ bíárìn ni ó ti wá. Bí kò bá dáwọ́ dúró, oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni ó ti jẹ, ẹni tí kò ṣẹ̀ ni a sì ti ń nà láti ọjọ́ yìí wá.

Bí ó bá jẹ́ bíárìn ni, kí a má ṣe sọ èyí tí a bọ́ nù. Ẹlẹ́rìí ni. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ mọ́, kí ẹ gbé e sínú oòrùn. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti di búlúù gẹ́gẹ́ bí irin tí ó jáde láti inú iná alágbẹ̀dẹ, ooru ni ó pa á: gíríìsì kò tó, tàbí a fún nọ́ọ̀tì le jù, tàbí bíréèkì ń fà. Bí ìpẹtà bá jẹ ihò sí i lára, omi ni. Bí ojú rẹ̀ bá rí bí ohun tí a fi iyanrìn ha, erùpẹ̀ ti wọ inú rẹ̀. Bí àpá kéékèèké bá wà lójú òrùka, tí àlàfo wọn dọ́gba pẹ̀lú àlàfo àwọn irin róbótó tí ń yí nínú rẹ̀, òòlù ni a fi lù ú wọlé, tàbí kòtò ọ̀nà ni ó gbá a. Bí ipa àwọn irin náà bá fẹ̀ ní apá kan tí ó sì tín-ín-rín ní apá kejì, ọ̀pá ẹsẹ̀ ti tẹ̀, tàbí òrùka òde kò jókòó gún. Bí ẹ̀yìn òrùka òde bá ń dán bí ohun tí a nù, òrùka náà ti ń yí nínú họ́ọ̀bù, níbi tí kò yẹ kí ó yí rárá.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun kan. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń tọ ọ̀nà kan náà, ó ń wọ kòtò kan náà, ó sì ń ru ẹrù kan náà, síbẹ̀ kò bàjẹ́. Nítorí náà, ohun tí ó yàtọ̀ láàárín òsì àti ọ̀tún ni kí a wá.

Nínú Ìjàpá, irú èyí tí a bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Èkó ní 1975, ìyàtọ̀ méjì wà láti ilé-iṣẹ́ wá. Èkíní, ojú nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ òsì iwájú lòdì sí ti ọ̀tún; ẹni tí kò mọ̀ yóò máa fún un le nígbà tí ó rò pé òun ń tú u, yóò sì ba ojú rẹ̀ jẹ́. Èkejì, okùn irin tí ń fi eré ọkọ̀ hàn gba inú ọ̀pá ẹsẹ̀ òsì kọjá, ó sì wọ ihò kékeré kan lára ìdérí họ́ọ̀bù. Bí okùn náà bá ti já, tí a yọ ọ́, tí a kò sì dí ihò náà, omi òjò yóò máa gba ibẹ̀ wọlé.

Àwọn ìyàtọ̀ mìíràn, ọwọ́ ènìyàn ni ó ń dá wọn sílẹ̀. Bíárìn àti òrùka òde rẹ̀ jẹ́ tọkọtaya. Ẹni tí ó pààrọ̀ ọ̀kan tí ó fi ti àtijọ́ sílẹ̀ nítorí pé ó ṣòro láti yọ, ti fi àrùn sínú ilé tuntun. Bí ojú ihò họ́ọ̀bù bá ti jẹ, àwọn mìíràn a máa fi páànù pẹlẹbẹ há òrùka náà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Họ́ọ̀bù mìíràn ni kí a wá. Bí wẹ́dà bá sì jó irin lára ọkọ̀, tí kò de wáyà rẹ̀ mọ́ itòsí ibi tí ó ń jó, iná mànàmáná lè gba inú bíárìn kọjá, kí ó sì bà á lójú jẹ́.

Fífún nọ́ọ̀tì ni ó ń pa púpọ̀ jù lọ. Kì í ṣe iṣẹ́ agbára. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí a máa yí táyà bí a ti ń fún nọ́ọ̀tì, kí àwọn irin inú rẹ̀ lè jókòó. Lẹ́yìn náà kí a tú u díẹ̀, títí a ó fi lè fi ẹnu sukudíráfà ti wáṣà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Àyè tí ó yẹ kí ó kù kò ju 0.03 sí 0.12 mílímítà lọ, nǹkan bí ìnípọn ewé ìwé kan. Kí a fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ gíríìsì tuntun wọ inú bíárìn, ṣùgbọ́n kí a má kún inú họ́ọ̀bù dé ẹnu. Kí a má sì da gíríìsì oríṣi méjì pọ̀. Síìlì tuntun ni kí a lò nígbàkúùgbà.

Nígbà tí a bá parí iṣẹ́, kí a wa ọkọ̀ náà fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a sì rọra gbé ọwọ́ sún mọ́ họ́ọ̀bù méjèèjì láìfi ọwọ́ kàn wọ́n. Bí ti òsì bá gbóná ju ti ọ̀tún lọ, iṣẹ́ kò tíì parí.

Nítorí náà, kí bàbá ilé yìí lọ bá mẹkáníìkì rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó dúró tì í nígbà tí ó bá ń tú u, kí ó sì béèrè fún bíárìn tí ó bọ́. Oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ kì yóò bínú sí èyí. Títí a ó fi rí ìdí ọ̀ràn náà, kí àwọn ọmọ máa fi ẹsẹ̀ rìn tàbí kí wọ́n wọ ọkọ̀ èrò, nítorí bíárìn tí a fi sílẹ̀ títí ó fi fọ́ lè mú kí táyà há lójijì, tàbí kí ó yọ kúrò lórí ìrìn. Ní ti títa ọkọ̀ náà, ọwọ́ rẹ̀ ni ó wà. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe tà á láìsọ ohun tí ń ṣe é fún ẹni tí yóò rà á, nítorí ẹni náà pẹ̀lú lè ní ọmọ mẹ́rin.