Epo, Bátìrì Tàbí Oòrùn: Èwo Ni Yóò Gbe Atukọ̀?

Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ń fi ojú omi ṣe ọ̀nà oúnjẹ ní ìdálẹ̀ kò kéré níye. Ó pẹ́ tí àwọn ọmọ Ìlàjẹ ti tẹ̀dó sí etí omi ìpínlẹ̀ Délta, Bàyélsà àti Rivers, níbi tí wọ́n ti ń pẹja. Àwọn oníṣòwò sì ń sọdá ní Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé. Ìṣòro kan náà ni ó dé bá gbogbo wọn: owó bẹntiróòlù. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà kan tí owó rẹ̀ ní ilé epo kò tó ₦200 ṣáájú ọjọ́ náà ti kọjá ₦1,000 ní Àbújá ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Ẹ̀rọ ọkọ̀ kò sì mọ̀ bóyá àwọ̀n kó ẹja tàbí ó bọ́ sófo. Epo rẹ̀ ni ó ń bèèrè.

Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ọ̀pọ̀ atukọ̀ ti ń bèèrè ẹ̀rọ tí ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́. Ìbéèrè rere ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ìṣirò ṣáájú owó.

Kò sí àní-àní pé alágbára ni bẹntiróòlù. Agbára tí ó wà nínú lítà kan tó yúnìtì iná mẹ́sàn-án. Bí ẹ̀rọ tilẹ̀ ń fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣòfò sí ooru àti èéfín, kẹ́ẹ̀gì kan ṣì lè gbé ọkọ̀ jìnnà ju òkìtì bátìrì lọ. Ẹni tí ó ń lọ sí ojú òkun, tàbí tí ó ń kọjú sí ìṣàn odò Ọya nígbà tí omi bá kún, kò tíì rí arọ́pò rẹ̀.

Ní ti bátìrì, ohun tí ó ń gbà sínú kò pọ̀. Bátìrì olójé ti fóòlùtì 12, èyí tí wọ́n kọ 100 Ah sí lára, kò gbà ju yúnìtì kan àti díẹ̀ lọ, ó sì wúwo tó nǹkan bí ọgbọ̀n kílò. Méjì rẹ̀ ti gba àyè èrò kan nínú ọkọ̀. Ẹni tí ó bá sì ń lò ó kọjá ìdajì ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú. Nǹkan bíi wákàtí kan péré ni ìdajì náà lè gbé ẹ̀rọ kékeré tí ń ti ọkọ̀ àjẹ̀, bí ó bá ń lo gbogbo agbára rẹ̀. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí ó gba iye kan náà kò wúwo tó ìdajì rẹ̀, ó sì ṣeé lò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga púpọ̀.

Níbo ni iná tí yóò kún bátìrì yóò ti wá? Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó yúnìtì kan fún àwọn oníbàárà Band A di ₦225. Ní iye yẹn, owó tí yóò kún irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kò tó owó ìdajì lítà epo. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èbúté ni wáyà iná kò tíì dé. Ẹni tí ó bá sì ń fi jẹnẹrétọ̀ kún bátìrì ọkọ̀ ń pọn omi sínú agbọ̀n: bẹntiróòlù kan náà ni ó ń rà, ó sì tún ń pàdánù díẹ̀ sí i lọ́nà.

Oòrùn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Pátákó sólà kan ti wáàtì 200, tí ó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà kan níbùú lóròó, kì í sábà fúnni tó yúnìtì kan lójúmọ́ ní etí òkun, pàápàá ní àkókò òjò. Àwọn tí ó wà ní òkè Ọya ń rí oòrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, ẹ̀rí wà pé ó ṣeé ṣe. Ní ìpínlẹ̀ Kerala ní ilẹ̀ Íńdíà, ọkọ̀ Aditya tí ó ń gba èrò 75 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017, pẹ̀lú pátákó sólà ní òrùlé rẹ̀ àti bátìrì nínú rẹ̀. Ohun tí ó mú un yege ni pé ọ̀nà rẹ̀ kúrú, èbúté rẹ̀ kì í yí padà, ó sì ń lọ, ó ń bọ̀ ní àkókò tí a ti mọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Iṣẹ́ bátìrì àti oòrùn ni sísọdá ráńpẹ́ àti ìpẹja nínú omi tí kò ru; ti epo ṣì ni ọ̀nà jíjìn. Níwọ̀n bí owó ìbẹ̀rẹ̀ ti pọ̀ ju agbára ẹnìkan lọ, ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ní ìdálẹ̀ dáwó jọ, kí wọ́n kọ́ ilé sólà kan sí èbúté, kí wọ́n sì fi ọkọ̀ kan dán an wò ní àkókò òjò kí àwọn yòókù tó tẹ̀lé e. Ó tó gẹ́ẹ́ pẹ̀lú kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ tí ó ní odò ràn wọ́n lọ́wọ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Kí atukọ̀ kọ́kọ́ wọn ọ̀nà rẹ̀, kí ó tó ka owó sílẹ̀.